Ẹni Tí A Pè Lóko Tí Kò Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ agbo ilé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ èyí sílẹ̀ fún yín, nítorí ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́. Níjọ́sí tí iná lọ, tí fóònù gbogbo yín kú, ẹ wá jókòó tì mí níwájú ilé, ẹ sì bi mí ohun tí àwa fi ń ṣeré kí fóònù tó dé. Mo fi ọ̀pá mi fa ilẹ̀. Ọ̀kan nínú yín ní, "Bàbá ti gbàgbé," ẹ sì rẹ́rìn-ín. N kò gbàgbé. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ bí eré náà ṣe dùn tó kí n má sọ bí ó ṣe parí ni, mo sì ti fi ọdún mẹ́ta sá fún ìparí náà.

Ọjọ́ orí mi kò tíì pé ọgọ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ń pè mí ní arúgbó láàrin ara yín, nítorí ọ̀pá tí mo ń tì, àti nítorí pé láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, n kì í kọjá gọ́tà ojúde wa. Ẹsẹ̀ mi kò dùn mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ní ayé tiwa, etí ni a fi ń mọ aago. Bí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó bá fọn fèrè lókèèrè, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn ìyá wa á mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti gbé ìkòkò kaná. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì a lù, ìpè ìrun a tẹ̀ lé e. Odó ilé kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀. Bí mo bá wà lórí igi máńgòrò tí mo gbọ́ odó ilé wa, mo ti mọ̀ pé iyán wà lónìí, èmi kò sì nílò ẹni tí yóò wá pè mí. Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ fúnra yín. Jẹnẹrétọ̀ ló kù. Ó ń dún láti ilé dé ilé, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ní, ẹnìkan kò sì lè fi í mọ ibi tí oúnjẹ wà.

Kàmọ́rù ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n. Òun ni bàbá Sẹ̀rífátù, nọ́ọ̀sì. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Ògiri kan ló wà láàrin agbo ilé wọn àti tiwa, a sì ti dá ihò sí ògiri náà kí a tó lọ sílé ìwé. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá. N kò rántí Iléyá kan tí mo jẹun nílé wa nígbà èwe mi. Bí Kérésì bá sì dé, Kàmọ́rù ni yóò kọ́kọ́ gbé abọ́, tí ìyá mi á máa ní, "Kàmọ́rù, jẹ́ kí àlùfáà gbàdúrà ná," tí yóò sì dáhùn pé, "Mo ti gbà á sínú, Mama."

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fi ẹnu lásán ń kì í ni. Àwa fi ara jà á. Kì í ṣe ọjọ́ ọdún níwájú ààfin nìkan. A jà lórí iyanrìn odò, a jà lẹ́yìn ilé ìwé, a jà níbi tí wọ́n rán wa sí tí a kò lọ. Ní ọdún kan, èmi àti Kàmọ́rù kojú ara wa lójú gbogbo àgbà agbo ilé méjèèjì. Ó ti gbá mi mú, ó kù díẹ̀ kí ó gbé mi ṣánlẹ̀, ni ṣòkòtò mi bá ya láti ìdí dé orúnkún. Àwọn ọmọbìnrin pariwo. Kàmọ́rù fi mí sílẹ̀. Ó bọ́ dàńṣíkí ara rẹ̀, ó dì í mọ́ mi nídìí, ó so ó le dáadáa. Lẹ́yìn náà ló tún gbá mi mú, ó sì gbé mi ṣánlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi yìí, o bo àṣírí rẹ̀, o tún fọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ń padà wá sí mi lọ́kàn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí a dàgbà, mo di akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọnà. Mo máa ń gun ọ̀kadà lọ, mo máa ń gùn ún bọ̀. Kàmọ́rù di káfíńtà. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, ànàmọ́ ni iṣẹ́ gbogbo wa, nítorí ọmọ Ọ̀fà tí kò lóko ànàmọ́ dà bí ẹni tí kò ní orúkọ bàbá. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe àáró. Ọ̀sẹ̀ yìí, gbogbo wa á lọ kọ ebè fún ẹnìkan. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kan ẹlòmíràn. A kì í kọ ebè náà jẹ́jẹ́. Eré ìje ni. Oníkálukú á mú poro tirẹ̀, ọkọ́ á máa ró, erùpẹ̀ á máa fò, a ó máa bú ara wa láti orí ebè kan dé èkejì.

"Ṣé ebè lo ń kọ ni àbí o ń ṣe sàréè fún èkúté?"

"Wo tìrẹ ná. Bí ejò tó mutí ló rí."

Ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò gbé ọpọ́n ayò délé. Ọpọ́n náà ń bá wa roko. Kàmọ́rù ló gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá kan àtàrí, a ó sun ànàmọ́ lábẹ́ igi, a ó sì ta ayò títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Èmi ni mo sábà máa ń gbé e relé, èmi náà ni mo sì máa ń pàdánù nínú ayò, nítorí náà orúkọ tí Kàmọ́rù sọ mí ni Òpè. Ìyá arúgbó kan tó máa ń kọjá lọ pọnmi dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan, ó wo ọpọ́n náà, ó ní, "Tiwájú yẹn ni kí o kó." Mo ní ayò ọkùnrin ni, Mama. Mo kó tẹ̀yìn. Kàmọ́rù jẹ gbogbo rẹ̀. Ìyá náà gbé ìkòkò rẹ̀ sórí, ó ní, "Mo rí i pé ayò ọkùnrin ni lóòótọ́."

Ẹ má rò pé ayé dẹ̀ fún wa nígbà náà. Mo sin ọmọ kan. Ìyàwó Kàmọ́rù ṣàìsàn fún ọdún gbáko. Ẹlòmíràn nínú wa, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìbànújẹ́ wọ oko ní àárọ̀ Sátidé kò lè gbé e délé lódindi. Òógùn á fọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀rín á jẹ díẹ̀, ayò á gba ìyókù, nítorí ẹni tó ń ka odù, ọmọ ayò tó pọ̀ jọ sínú ihò kan, kò ní ààyè láti ka ìṣòro. A kò mọ̀ pé oògùn ni à ń lò. Ẹni tó ń mu omi odò kì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi ìgbà tí odò bá gbẹ.

Ìpè kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún yín, nítorí lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dúró. Ànàmọ́ a máa bo ilẹ̀, igbó sì yí oko wa ká, ẹni tó ń bọ̀ kò lè rí ẹni tó ti dé. Nítorí náà, bí o bá dé ẹnu ààlà, wàá ké pé, "Ta ló wà o?" Ẹni tó wà nínú oko á dáhùn pé, "Mo wà." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ń pè é. Bí ẹni tó wà nínú oko kò bá dáhùn títí dé ẹ̀ẹ̀kẹta, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó fẹ́ jà. Ó ti sá pamọ́ sínú ewé, ó ń retí rẹ. Wàá ju ọkọ́ sílẹ̀, wàá di ṣòkòtò rẹ, wàá sì sáré wọ inú oko lọ láti gbá a mú. Láti ọmọ ọdún méjìlá la ti ń ṣe é. A lé ní àádọ́ta ọdún, a ṣì ń ṣe é. Àwọn ìyàwó wa ní orí wa kò pé.

Ọdún ń gorí ọdún. Nínú àwa márùn-ún, ẹnìkan kú, ẹnìkan bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó, ẹnìkan ní ẹ̀yìn kò gba iṣẹ́ oko mọ́. Ó ku èmi àti Kàmọ́rù. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ pé ọ̀nà oko kò dára mọ́. A gbọ́, a sì ń lọ. N kò ní sọ ọ̀nà oko wo ni. Ẹ má bi mí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Kàmọ́rù dúró ra àkàrà. Mo ti kọ ebè bíi mẹ́fà kí n tó gbọ́ tí ewé ń mira ní ìsàlẹ̀ oko. Mo gbójú sókè. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo rí, wọ́n sì gbé ìbọn dání. Wọn kò tíì rí mi. Mo dùbúlẹ̀ sínú poro láàrin ebè méjì, mo fa ìtàkùn ànàmọ́ bo ara mi. Èékánná mi wọ inú ilẹ̀. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n dúró níbi tí mo ti ń gbọ́ èémí wọn.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ láti ẹnu ààlà. "Ta ló wà o?"

Àwọn ọkùnrin náà dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

"Ta ló wà o?"

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ ohun tó kàn. Kò sí ẹlòmíràn nínú oko yẹn tó mọ̀ ọ́n àfi èmi àti ẹni tó ń pè mí. Bí mo bá pariwo pé kó sá, yóò sá. Bí mo bá tilẹ̀ dáhùn pé "Mo wà" pẹ̀lú ohùn tó ń gbọ̀n, yóò mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ẹnu mi kò ṣí. Erùpẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Òpè, ẹ̀yìn ń yún ọ láàárọ̀ yìí. Jẹ́ kí n gbé àkàrà sílẹ̀ ná."

Mo gbọ́ tí ọkọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ tó gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, tí ọmọ ayò ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Ó wá sáré wọlé, ọkùnrin tó ní ọmọ ọmọ, ó ń fi ẹ̀rín sáré bọ̀ láti wá bá mi jà.

Wọ́n dá a dúró. Wọ́n bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kò sí ẹnì kankan. Mo máa ń dá ọ̀rọ̀ sọ ni. Èmi nìkan ni mo wà."

Wọ́n mú un lọ. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọdẹ gbé e wálé. N kò ní sọ bó ṣe rí.

Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé mo pẹ́ dé oko lọ́jọ́ náà, pé ọpọ́n àti àkàrà ni mo bá lójú ọ̀nà. Gbogbo ìlú gbà mí gbọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ló yọ mí. Wọ́n dúpẹ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì dìde dúró tí wọ́n ń kọrin. Láti ìgbà náà ni oko ti di igbó. Mo fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kó tó tó àkókò, nítorí bí ọ̀kadà bá ti jáde ní ìlú, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò dì mú. N kì í jẹun. N kì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi, tí ẹ̀yin ń pè ní Mọ́mì Tóyìn, lọ bá Sẹ̀rífátù ní kílíníìkì, ó ní ọkọ òun ń kú lórí àga.

Sẹ̀rífátù wá. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kí n máa rìn dé ojú irin kí n sì padà lójoojúmọ́. Kí n gbin nǹkan sẹ́yìn ilé, ì báà jẹ́ ata. Kí n máa ta ayò.

Ìyàwó mi gba ìwé náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Sẹ̀rífátù, oògùn dà?"

"Oògùn nìyẹn, Mọ́mì. Ara tó ń mira, ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀díẹ̀."

"Ayò títa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá a jà pé ó pẹ́ nídìí ayò, oògùn ló ń lò?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Èmi wo ìwé náà. Wọ́n ti fi ayé tí a ti gbé rí kọ oògùn fún mi, ìlà mẹ́ta péré.

Mo gbìyànjú láti rìn. Ẹ̀yin rí mi lọ́jọ́ náà. Mo dé ìta, sàlẹ́ńsà ọ̀kadà kan dún gbàù, mo bá ara mi nínú gọ́tà. Ẹ rẹ́rìn-ín. N kò bínú sí yín, ẹ kò mọ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀, ìgbà náà ni mo mú ọ̀pá, àwáwí ni mo sì fi ọ̀pá náà ṣe láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti san.

Ṣùgbọ́n ayò ṣiṣẹ́, kí n má purọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Sẹ̀rífátù gbé ọpọ́n bàbá rẹ̀ wá, ó ní kí n jókòó. N kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó kó ọmọ ayò sínú ihò ní mẹ́rinmẹ́rin, ó ta, ó ní ó kàn mí. Mo ta. Ó jẹ mí. Mo tún ta.

"Daddy Tóyìn, òótọ́ ni bàbá mi wí. Òpè ni yín, ẹ kì í ka odù kí ẹ tó kó o."

"Bàbá rẹ ń ṣe màgòmágó."

"Wọ́n ní ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ti ilé ìdáná jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, láti wá wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nílé rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹun, mo sì tún béèrè sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ de ọjọ́ Ẹtì. Mo gbin ata. Inú mi dùn, ìdùnnú náà sì ń dẹ́rù bà mí, nítorí mo mọ ẹni tí mo jókòó tì, òun kò sì mọ ẹni tí ó jókòó tì.

Ní ọjọ́ Ẹtì karùn-ún, ó dé ẹnu ọ̀nà, kò kan ilẹ̀kùn. Ó ké pé, "Ta ló wà o?"

Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Èmi ni n kò mọ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì wà lórí àga, erùpẹ̀ ti kún ẹnu mi. Ó rẹ́rìn-ín níta. Ó ní, "Ẹ ò dáhùn, ẹ fẹ́ jà nìyẹn." Ó wọlé wọ̀ọ̀, ó ń di ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí mo mọ ara mi, orí sìmẹ́ńtì ni mo wà láàrin àga méjì, mo fi ọwọ́ bo orí. Ó kúnlẹ̀ tì mí. Ó ń bi mí pé kí ló dé. Mo sì sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti kọ ọ́ síbí, láti orí ewé tó mira dé orí "Èmi nìkan ni mo wà." Kò dá mi lẹ́kun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n pè yín?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Ó mi orí. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ dì. Ó ní kí n má gbàgbé láti jẹun, pé kí n máa bomi rin ata. Ó sì lọ. Kò gbé ọpọ́n náà. Kò sì wá mọ́. Ata ti so, a ti ká a, ó tún ti so. Mo gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní kílíníìkì, ara rẹ̀ dá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ rí i, ọmọ bàbá rẹ̀ ni, ó bo àṣírí mi. Bàbá rẹ̀ gbé mi ṣánlẹ̀ lẹ́yìn tó ti bò mí. N kò tíì mọ èyí tí òun yóò ṣe.

Ohun tí a fi ń ṣeré nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Kò sí oko tí mo lè fi hàn yín, kò sí ẹni tí yóò bá yín kọ ebè figagbága, ọ̀nà ibẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni. Mo tún fẹ́ kí ẹ yéé rẹ́rìn-ín sí mi nítorí ohun tí ẹ máa ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ń sín in jẹ. Bí ẹni tó ń ta búrẹ́dì bá kígbe, mo máa ń dáhùn pé, "Mo wà." Bí ẹnìkan bá ń pe ewúrẹ́ rẹ̀ wálé, mo máa ń dáhùn. Bí bàtà bá kàn dún ní gọ́tà lásán, tí ẹnìkan kò tilẹ̀ pè, mo máa ń dáhùn. Orí mi kò dàrú. Ẹnu mi ni mo ń kọ́. Ọpọ́n ayò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ti kó ọmọ ayò sínú ihò ní mẹ́rinmẹ́rin, àtẹ́lẹwọ́ mi sì mọ́, kò sí erùpẹ̀ kankan níbẹ̀. Bí Sẹ̀rífátù bá fi lè dé ẹnu ọ̀nà yìí lọ́jọ́ kan, tó sì pè mí, n kò fẹ́ kí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta.